Òkété àti Àwọn Àgbà Afárá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Òkété, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó wá dá lórí àgbà mẹ́ta tí wọ́n ń ṣọ́ afárá ní Minna.

Nígbà kan rí, nígbà tí ẹranko ń fọhùn bí ènìyàn, afárá kan wà lórí odò Chanchaga. Kì í ṣe ìjọba ló kọ́ ọ. Ká ní ìjọba ni, gómìnà mẹ́ta ì bá ti gé ríbọ́ọ̀nù lórí rẹ̀ kí pákó àkọ́kọ́ tó dé. Àwọn ẹranko ló fọwọ́ ara wọn ṣe é. Ẹni tó ní igi gbé igi wá, ẹni tó ní ìṣó kó ìṣó wá, ẹni tí kò ní nǹkan kan dúró sí etí odò, ó ń sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Nítorí náà, afárá yìí kò ní olówó. Ẹnikẹ́ni lè gbà á kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni lè wọ abẹ́ rẹ̀, kó ka òpó, kó fa ìdè wò bóyá ó le. Ẹnikẹ́ni ló sì lè gbé pákó wá pé, "Ibí yìí ti ń jẹrà, ẹ jẹ́ ká fi èyí rọ́pò rẹ̀." Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè kan án mọ́ ọn. Òòlù wà lọ́wọ́ àgbà mẹ́ta: Òòrẹ̀, Òwìwí àti Ìgbín.

Ẹ má rò pé irọ́ àlọ́ nìyẹn. Irú afárá bẹ́ẹ̀ wà. Ní 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland tó ń jẹ́ Linus Torvalds kọ ìpìlẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí a mọ̀ sí Linux, ó sì ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó sì bá a tún un ṣe. Òun ló wà nísàlẹ̀ Android, nínú fóònù tí ọlọ́kadà ń gbé sétí ní Kpakungu. Irú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe yìí ni wọ́n ń pè ní open source. Àtúnṣe tí ẹnì kan bá gbé wá síbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní patch. Ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sídìí àlọ́.

Òòrẹ̀ ni àgbà pátápátá. Ẹ̀gún wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gún wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ pé "rárá", á kọ́kọ́ bú igi tí wọ́n ti la pákó náà. Òwìwí kì í dáhùn àfi láàárín òru, nígbà tí ẹni tó béèrè ti sùn. Bí onítọ̀hún bá jí tó fèsì, Òwìwí ti lọ sùn ní tirẹ̀. Báyìí ni ìbéèrè kan ṣoṣo ṣe ń gba ọ̀sẹ̀ méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ya ọ̀lẹ. Ìgbín ló ń tọ́jú ìsàlẹ̀ afárá, níbi tí omi ti ń jẹ òpó, tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń wọ́ ara rẹ̀ kiri abẹ́ pákó, kò sẹ́ni tó kí i. Ọjọ́ tí ìdè kan bá já nìkan ni gbogbo ìlú máa ń rántí orúkọ rẹ̀, kí wọ́n lè rí i bú.

Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí mo ṣì máa bú wọn níwájú.

Òkété ní tirẹ̀, Gidan Kwano ló gbẹ́ ihò rẹ̀ sí, lójú ọ̀nà Bida, nítòsí ọgbà ńlá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Minna ní 1983. Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ń ta ìkòkò, irú ìkòkò amọ̀ tí àwọn Gbagyi ń mọ, irú èyí tó sọ Ladi Kwali di olókìkí títí àwòrán rẹ̀ fi dé ẹ̀yìn owó ogún náírà. Ẹni tó bá ti gbé Minna rí mọ̀ pé àwọn obìnrin Gbagyi kì í ru ẹrù sórí bíi tiwa. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Wọ́n ní orí tó ń darí ara, ta ni yóò di ẹrù lé e? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá Òkété ń ṣe.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín afárá, òpó méjì dúró, wọ́n kọjú síra. Arẹrùsórí ni gbogbo àwọn tó kọ́ ọ, orí ni wọ́n fi wọn àyè tó wà láàárín òpó méjèèjì. Ẹni tó bá ru ẹrù sórí á kọjá wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá gbé e sí èjìká, òpó òsì á gbá a, ó di gbàù, ìkòkò bá odò lọ. Iye ìkòkò tó wà nísàlẹ̀ Chanchaga, ẹja nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí ìkòkò ìyá Òkété fọ́ gbẹ̀yìn, Òkété mú okùn, ó lọ wọn òpó náà. Ó wọn ọ̀tún, ó wọn òsì, ó wọ abẹ́ omi lọ wo ẹsẹ̀ wọn. Ó padà sílé, ó jókòó láti kọ àlàyé. Iná lọ. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Power State ni o, tí ibùdó iná Kainji wà nínú rẹ̀, tí ti Shiroro wà nínú rẹ̀. Shiroro nìkan, tí wọ́n ṣí ní 1990, wọ́n ṣe é fún 600 mẹ́gáwáàtì. Ọmọ tí wọ́n bí sẹ́nu ìkòkò ọbẹ̀ ló ń jẹ ẹ̀bà gbígbẹ. Òkété tan fìtílà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, lábẹ́ ìṣòro tó kọ sókè, ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé rẹ̀: kí wọ́n sún òpó òsì ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

Ó gbé e lọ fún àwọn àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tó di òru ọjọ́ kẹsàn-án, Òwìwí fèsì: "Kí ni ìṣòro náà gan-an?" Ìṣòro náà sì wà lókè ìwé gàdàgbà.

Òòrẹ̀ dé tirẹ̀ ní ọ̀sán. Ó ní, "Ta ni ọ́?"

"Òkété ni, Bàbá. Láti Gidan Kwano."

"Òkété! Ṣé ìwọ kọ́ lo bá Ifá mulẹ̀, tó o sì da Ifá?"

"Bàbá ńlá mi nìyẹn, Bàbá. Òpó ni mo bá wá."

"Afárá yìí ti wà kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. A ò gbọ́ pé òpó gbá ẹnikẹ́ni rí. Orí ni mo fi ń ru tèmi, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí tèmi. Sọ fún ìyá rẹ kó ru tirẹ̀ sórí."

Ìgbà tí wọn ò rí ohun tí wọn yóò sọ sí òpó mọ́, wọ́n kọjú sí ìwé. Òwìwí ní Òkété kọ "kí wọ́n sún òpó". "Sún òpó" ló yẹ kó kọ, bí ẹni ń pàṣẹ. Ó ní ó fi àlàfo mẹ́rin síwájú ìlà, bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ ni àṣà ibí. (Ẹni tó bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Linux rí mọ̀ pé n kò fi iyọ̀ sí i: àṣẹ méjèèjì wà nínú ìwé òfin wọn títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́tìnnì Tab kan tó fẹ̀ tó àlàfo mẹ́jọ ni wọ́n ń lò.) Òòrẹ̀ ní kò tẹ àtàǹpàkò sísàlẹ̀ láti jẹ́rìí pé òun ló ni pákó. Òkété tẹ̀ ẹ́. Òòrẹ̀ ní iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù lójú kan, kó pín in sí mẹ́ta. Báwo ni ènìyàn ṣe ń pín òpó kan tí a sún lẹ́ẹ̀kan sí mẹ́ta? Òkété pín in. Wọ́n ní ìkẹta ti kéré jù.

Ọmọ ọlọ́mọ bú sẹ́kún, ló bá dorin kọ. Ẹ bá mi gbè é o:

Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin àgbà,
*Tún un wò, jàn-án-jàn.*
Òpó kan ló dínà,
*Tún un wò, jàn-án-jàn.*
Èjìká ìyá mi kò ráyè kọjá,
*Tún un wò, jàn-án-jàn.*
Ìkòkò fọ́, owó ilé-ẹ̀kọ́ bómi lọ,
*Tún un wò, jàn-án-jàn.*
Ìbú àtẹ́lẹwọ́ péré ni mo wí,
*Tún un wò, jàn-án-jàn.*

Àwọn àgbà gbè é dáadáa. Ohùn wọn dùn. Wọn ò sún òpó.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, ìfura wọn ní ìdí. Ní 2021, Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó Linux, ti ilẹ̀kùn mọ́ odindi Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, nítorí àwọn olùwádìí kan níbẹ̀ ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àtúnṣe alábùkù ránṣẹ́, kí wọ́n lè wò ó bóyá àwọn àgbà yóò rí i. Ẹni tí wọ́n ti dán wò bẹ́ẹ̀ kì í fi ojú rere wo àlejò mọ́. Ní ti ẹnu ẹlẹ́gùn-ún, Torvalds fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì ní oṣù kẹsàn-án 2018 fún ọ̀rọ̀ líle tó ti ń sọ sí àwọn tó ń mú iṣẹ́ wá, ó sì yẹra fún iṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Òòrẹ̀ wa ò tíì tọrọ nǹkan kan. Ìfura rẹ̀ kọ́ ló bí mi nínú. Ibi tó darí rẹ̀ sí ni. Ojú àlejò ló ń yẹ̀ wò, kò yẹ pákó wò.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ìjàpá yọ.

Ìjàpá kò gbé ohun ńlá wá. Ewé tó já sórí afárá ni ó kọ́kọ́ gbá. Ó kí Òòrẹ̀ kú iṣẹ́, ó kí Òwìwí kú àìsùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ìgbín, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ jẹun?" Láti ọjọ́ tí Ìgbín ti dáyé, kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì ó kan ìṣó kékeré kan tó yọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó di okùn tó tú. Iṣẹ́ gidi ni o. Ọdún kan kọjá, èkejì wọlé, Ìjàpá ò ṣe ju rere lọ. Àlàfo mẹ́jọ-mẹ́jọ ló ń fi síwájú ìlà.

Ṣùgbọ́n lálẹ́, ní òdìkejì odò, Yánníbo ń bẹ nínú igbó. Ó yí ohùn padà bí Àgbìgbò, ó ké pé, "Ìgbín mà ń falẹ̀ o! Ọdún wo ni abẹ́ afárá yìí yóò tún ṣe tán?" Ó sún díẹ̀, ó tún ké bí Àkàlàmàgbò, "Ẹ fi ẹlòmíràn kún un! Àgbà tí ò lè ṣe é, kó gbé òòlù sílẹ̀!" Ìgbín gbọ́ ohùn méjì, ó rò pé gbogbo ìlú ni. Ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ọkàn rẹ̀ ti wúwo láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìjàpá wá jókòó tì í, ó ní, "Bàbá, ẹ má dá wọn lóhùn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sinmi díẹ̀, mo wà níbí." Ìgbín na òòlù sí i.

Ọjọ́ náà, Ìjàpá kọ orin tirẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ègbè ṣe yí padà:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin baba mi,
*Jẹ́ ó wọlé, jàn-án-jàn.*
Àpò iyanrìn ni mo gbé dé,
*Jẹ́ ó wọlé, jàn-án-jàn.*
Èyí tá a fi ń dán afárá wò ni,
*Jẹ́ ó wọlé, jàn-án-jàn.*
Kò sóhun tí yóò bọ́ nínú rẹ̀,
*Jẹ́ ó wọlé, jàn-án-jàn.*

Àpò iyanrìn ni lóòótọ́. Irú àpò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé sórí afárá láti mọ̀ bóyá yóò gba ẹrù. Ta ni yóò tú àpò iyanrìn wò? Inú rẹ̀ ni Ìjàpá gbé ayùn àti ìlẹ̀kùn kékeré pamọ́ sí. Nígbà tí òru kan fi máa lọ, ọ̀kan nínú òpó ìsàlẹ̀ ti di ihò, ìlẹ̀kùn wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ìjàpá nìkan. Ẹrù tó bá wù ú nínú ẹrù àwọn tó ń kọjá lókè, yóò na ọwọ́ mú un.

Àdán ló tú u fó. Kì í sì í ṣe pé ó ń ṣọ́ olè. Ó ń fò lọ sábẹ́ afárá bó ṣe máa ń fò, ó dún, ó wá gbọ́ pé ohùn òun pẹ́ díẹ̀ kó tó padà láti ara òpó kan. Díẹ̀ báyìí ni, kí ẹni tó ṣẹ́jú. Ẹlòmíràn ì bá ní bóyá atẹ́gùn ni. Àdán ò lè sùn. Ó padà lọ kan òpó náà, ó di gbòngbòn, òfìfo.

Apá yìí náà kì í ṣe irọ́ àlọ́. Ní oṣù kẹta 2024, Andres Freund, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sí kọ̀ǹpútà kan láti ọ̀nà jíjìn ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nínú xz, irinṣẹ́ kékeré kan tó wà nínú Linux káàkiri ayé. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ pe ara rẹ̀ ní Jia Tan. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti ń ṣe iṣẹ́ rere níbẹ̀. Àwọn orúkọ àjèjì kan ti yọ láti ibi tí kò sẹ́ni tó mọ̀, wọ́n fi ariwo ká alábòójútó kan ṣoṣo tó ti rẹ̀ mọ́, títí ó fi fún Jia Tan láṣẹ. Inú fáìlì tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ni ó sì fi ohun tó gbé wá pamọ́ sí. Ayé ò tíì mọ ẹni tó ń jẹ́ Jia Tan.

Èyí ló mú kí àlọ́ mi yàtọ̀ sí ti àwọn ìyá yín. Nínú tiwọn, wọ́n máa ń rí Ìjàpá mú, ẹ̀yìn rẹ̀ á fọ́, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́. Nínú tèmi, nígbà tí wọ́n dé ilé rẹ̀, ilé ti ṣófo, Yánníbo ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn Ìjàpá wà láìfọ́. Bóyá ó ti ń gbá ewé lórí afárá mìíràn báyìí.

Àwọn àgbà ṣèpàdé. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Òfin tí wọ́n fi jáde ni pé, láti ọjọ́ náà lọ, kò gbọdọ̀ sí àlejò tí yóò mú pákó wá láìní onígbọ̀wọ́ méjì. Ẹni ọdún méjì ló jà wọ́n lólè, ẹni ọjọ́ kan ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́! Òkété wà lẹ́yìn èrò, ó gbé ìwé ìlà kan rẹ̀ dání, ó gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n Òòrẹ̀ fẹ́ lọ fojú ara rẹ̀ rí ihò tí Ìjàpá gbẹ́. Inú ń bí i, ẹ̀gún rẹ̀ dìde gbogbo, ó sáré wọ orí afárá. Ó dé àárín òpó méjì, ó há. Ó ti iwájú, kò lọ. Ó fà sẹ́yìn, kò bọ̀. Gbogbo ẹranko dúró, wọ́n ń wò ó.

Ìgbín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Òòrẹ̀, báwo lo ṣe ń kọjá níbí láti ọjọ́ yìí?"

Òòrẹ̀ kò fẹ́ dáhùn. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ ni mò ń fi wọ̀ ọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ."

"O ò wí fún wa?"

"Kì í ṣe àléébù. Bí mo ṣe ń rìn nìyẹn."

Gbogbo èrò wo ojú ara wọn. Ìyá Òkété ti ìkòkò èjìká rẹ̀ sọ̀tún, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Òkété wá jáde láti ẹ̀yìn, ayùn ń bẹ lọ́wọ́ kan, ìwé ń bẹ lọ́wọ́ kejì. Ó dọ̀bálẹ̀, nítorí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò ní í bínú o. Ṣé kí n pín in sí mẹ́ta?"

Wọ́n sún òpó náà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìyá Òkété ló kọ́kọ́ gbà á kọjá, ìkòkò mẹ́rin ní èjìká, kò sí èyí tó kan igi. Ní òru, Òwìwí kọ ọ́ sára pátákó tí wọ́n ń kọ ìtàn afárá sí, ó ṣì wà níbẹ̀: *Sún òpó òsì ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Òkété, Gidan Kwano, ló mú un wá. Òòrẹ̀ ló dán an wò.*

Àlọ́ mi parí, ó ku ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá lórí fóònù, ẹ mọ̀ pé lẹ́tà wa ń gbẹ́rù lórí, ó tún ń gbé e lẹ́sẹ̀. Nínú Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń ka lẹ́tà, ẹ ní àyè tirẹ̀, é náà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ìlànà náà gbà pé kí á to àmì ohùn lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ni kò mọ̀ ọ́n tò. Ìdí rèé tí àmì ohùn fi ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo yọ níbi tó yẹ kí orúkọ yín wà. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é fẹ́ ṣe wá níkà. Orí ni wọ́n fi ń ru tiwọn. Láti 2018 tí Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom ti dá Open Source Community Africa sílẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń gbé pákó lọ sórí irú afárá bẹ́ẹ̀ ti ní ẹgbẹ́ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní Minna, ní Ìbàdàn, ní London, ẹ wọn òpó yín dáadáa, ẹ fi àlàfo mẹ́jọ síwájú ìlà bí wọ́n bá ní mẹ́jọ ni, kí ẹ sì gbé e lọ. Ẹ má dúró dìgbà tí Òòrẹ̀ bá há.